Gíga àti Ìwọ̀n Ẹrù: Bí Ẹ Ṣe Lè Yan Monopod Tó Bá Yín Mu

Nọ́ńbà méjì ni wọ́n máa ń kọ gàdàgbà sára páálí monopod, ọ̀pá ẹlẹ́sẹ̀ kan tí a ń gbé kámẹ́rà lé: bí ó ṣe ga tó, àti iye kílò tó lè gbé. Ọ̀pọ̀ ẹni tó fẹ́ rà á ló gbà pé èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ bá pọ̀ jù náà ló dára jù. Ibẹ̀ ni ìdàrúdàpọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan á ra èyí tí wọ́n ní ó lè gbé kílò mẹ́wàá, nígbà tí kámẹ́rà rẹ̀ kò ju kílò kan lọ, síbẹ̀ ńṣe ló ń tẹ̀ ba ní gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ ya fọ́tò, torí pé ọ̀pá náà kò ga dé ojú rẹ̀. Ẹlòmíràn á ra èyí tó ga ju òun fúnra rẹ̀ lọ, á fà á jáde tán, á wá rí i pé ìsàlẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín débi pé ó ń tẹ̀ kọrọdọ.

Gíga ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, torí ara yín ló máa sọ iye tó yẹ kó jẹ́, kò sì sí ohun tó lè tún un ṣe lẹ́yìn tí ẹ bá ti rà á tán. Ìwọ̀n ẹrù ló tẹ̀ lé e. Ìyẹn rọrùn ju bí àwọn tó ń tà á ṣe ń sọ ọ́ lọ, àmọ́ nọ́ńbà rẹ̀ máa ń tan ènìyàn jẹ ju ti gíga lọ.

Kí ni monopod, iṣẹ́ wo ló sì ń ṣe?

Monopod ni ọ̀pá ẹlẹ́sẹ̀ kan tí a ń de kámẹ́rà mọ́ lórí. Tripod ní ẹsẹ̀ mẹ́ta, ó lè dá dúró kí ẹni tó ni ín lọ mu omi kó sì padà wá bá a níbẹ̀. Monopod kò lè dá dúró. Ẹsẹ̀ méjì ẹni tó dì í mú ni ẹsẹ̀ rẹ̀ yòókù. Bí ọ̀pá ìtilẹ̀ àgbàlagbà ló rí: kì í gbé odindi ènìyàn, ìwọ̀nba ohun tí onítọ̀hún bá fi tì í ló ń gbà. Bí ó bá kúrú jù, ẹ̀yìn ẹni tó ń lò ó á tẹ̀. Bí ó bá gùn jù, kò ní í ṣeé fara tì.

Iṣẹ́ méjì ló ń ṣe. Ó ń gba ìwúwo kámẹ́rà kúrò lápá, èyí tí ẹni tó bá di lẹ́ǹsì ńlá mú láti ìbẹ̀rẹ̀ eré bọ́ọ̀lù dé òpin rẹ̀ mọ rírì rẹ̀ dáadáa. Ó tún ń dín ìgbọ̀nrìrì kù, pàápàá èyí tó ń gbé kámẹ́rà lọ sókè sódò. Èyí tó ń mì ín sọ́tùn-ún sósì kò tán pátápátá. Ìlànà àtijọ́ kan sọ pé bí lẹ́ǹsì bá jẹ́ 400mm (nọ́ńbà tó ń sọ bí lẹ́ǹsì ṣe ń fa ohun tó jìnnà súnmọ́ wa tó), tí ọwọ́ lásán la sì fi dì í mú, kí kámẹ́rà má ṣe la ojú ju 1/400 ìṣẹ́jú àáyá lọ, kí àwòrán má baà rú. Pẹ̀lú monopod, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ balẹ̀ lè sọ̀kalẹ̀ dé 1/100 kí àwòrán rẹ̀ ṣì mọ́. Àmọ́ bí ohun tí ẹ ń yà bá ń sáré, monopod kò lè dá a dúró fún yín.

Ọ̀rọ̀ mélòó kan nìyí tí a máa pàdé. Gíga kíkún ni bí ọ̀pá ṣe ga tó nígbà tí a bá fa gbogbo ara rẹ̀ jáde. Gígùn àtìpọ̀ ni bí ó ṣe gùn tó nígbà tí a bá ti gbogbo rẹ̀ padà sínú ara wọn. Abala ni a ó máa pe ọ̀pá kọ̀ọ̀kan tó ń wọnú èkejì, ìdè sì ni ohun tó ń di abala kan mú kó má yọ̀. Orí ni ohun èlò kékeré tó wà láàárín ọ̀pá àti kámẹ́rà, tó ń jẹ́ kí kámẹ́rà lè dọ̀bálẹ̀ tàbí kó gbójú sókè. Ọ̀pọ̀ monopod kì í bá orí wá. Ẹ máa fúnra yín rà á lọ́tọ̀ ni.

Báwo ló ṣe yẹ kó ga tó?

Àwọn kan gbà pé kí gíga monopod bá gíga ẹni tó fẹ́ lò ó dọ́gba. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí ojú wà là ń wá, kì í ṣe ibi tí àtàrí wà. Ojú àgbàlagbà máa ń wà ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 11 tàbí 12 sísàlẹ̀ àtàrí. Nítorí náà, ẹni tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 175, ojú rẹ̀ fi bíi sẹ̀ǹtímítà 163 jìnnà sílẹ̀.

Kámẹ́rà náà ní gíga tirẹ̀. Láti ìdí rẹ̀ tí a ti ń dè é mọ́ ọ̀pá, títí dé ihò kékeré ẹ̀yìn tí a ń fi ojú sí, ó máa ń tó sẹ̀ǹtímítà 7 tàbí 8. Bí orí bá wà láàárín, òun náà á fi nǹkan bíi 8 sí 10 kún un. Ẹ wá yọ wọ́n kúrò: 163, ẹ yọ 8 fún kámẹ́rà, ẹ yọ 8 fún orí, ó ku 147. Monopod tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 147 á gbé kámẹ́rà dé ojú ẹni yìí, bí òun àti ọ̀pá náà bá dúró ṣánṣán lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú.

Àmọ́ ta ló ń dúró ṣánṣán? Ẹni tó mọ̀ ọ́n lò máa ń ti ẹsẹ̀ ọ̀pá síwájú díẹ̀, á wá fa orí rẹ̀ mọ́ra, kí ẹsẹ̀ tirẹ̀ méjèèjì àti ti ọ̀pá lè di igun mẹ́ta nílẹ̀. Bí ọ̀pá bá ti dagun báyìí, gíga rẹ̀ dín kù nìyẹn. Ọ̀pá sẹ̀ǹtímítà 160 tó bá dagun ní dìgírì 15, bíi 154 ló kù nínú gíga rẹ̀. Ní dìgírì 20, bíi 150 ni.

Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ ya ohun tó wà lókè lọ̀rọ̀ náà tún wá le sí i, bí ẹyẹ lórí igi tàbí ẹni tó wà lórí pèpéle gíga. Bí ẹnu lẹ́ǹsì bá gòkè, ẹ̀yìn kámẹ́rà á wálẹ̀, ihò tí ẹ ń fi ojú sí á sì bá a wálẹ̀. Ká ní ihò náà fi sẹ̀ǹtímítà 20 wà lẹ́yìn ibi tí orí ti ń tẹ̀, bí ó ṣe máa ń rí pẹ̀lú lẹ́ǹsì gígùn. Bí ẹ bá gbé ẹnu lẹ́ǹsì sókè ní dìgírì 30, ihò yẹn á fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 11 lọ sílẹ̀. Ẹni tí 147 tó fún nígbà tó ń wo iwájú gbọọrọ ti ní láti tẹ̀ kún un báyìí. Ilẹ̀ tó lọ sísàlẹ̀ níwájú yín náà ń fa irú rẹ̀, torí ẹsẹ̀ ọ̀pá á wà nísàlẹ̀ ju ẹsẹ̀ yín lọ.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé lẹ́yìn ìṣirò yẹn, kí ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15 kún un. 147 á wá di nǹkan bíi 160. Ẹni tó bá máa ń ya ẹyẹ tàbí ọkọ̀ òfuurufú lè fi 20 kún un láìsí àṣejù. Èlé kò pa yín lára, torí kò sẹ́ni tó ní kí ẹ fa gbogbo rẹ̀ jáde ní gbogbo ìgbà. Èyí tó kúrú ni kò ní àtúnṣe.

Bí ìṣirò kò bá wù yín, ọ̀nà tó dájú jù ú lọ wà. Ẹ wọ bàtà tí ẹ máa ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́, ẹ gbé kámẹ́rà sójú bí ẹni fẹ́ ya fọ́tò, kí ẹlòmíràn wá fi téèpù wọn ìdí kámẹ́rà dé ilẹ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì nígbà tí ẹ bá gbójú sókè. Ẹ yọ gíga orí kúrò bí ẹ bá fẹ́ lo orí. Kò sí àlàyé olùtajà kankan tó lè dára ju nọ́ńbà yẹn lọ.

Ẹni tí kì í fi ojú sí kámẹ́rà, tó jẹ́ ojú gíláàsì ẹ̀yìn rẹ̀ ló máa ń wò, tàbí tó ń fi fóònù ya fídíò, kò nílò gíga tó bẹ́ẹ̀. Ibi àyà tàbí àgbọ̀n ni ohun èlò rẹ̀ máa ń wà, ó sì lè fi sẹ̀ǹtímítà 20 dín in láìsí wàhálà. Ti àwọn tó ń di ọ̀pá mú lókè lórí kí wọ́n lè ya àwòrán kọjá orí èrò yàtọ̀ pátápátá: wọ́n ń wá èyí tó gùn jù tó sì fúyẹ́ jù, apá wọn ló sì ń gbé ẹrù níbẹ̀.

Ní ti kíkúnlẹ̀ àti jíjókòó, ẹ má dààmú jù. Fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo monopod ló lè kúrú tó bẹ́ẹ̀. Fún ẹni tó fẹ́ dùbúlẹ̀ ya fọ́tò, kò wúlò rárá.

Kí ló dé tí ọ̀pá tó ga fi ń tẹ̀?

Abala ló fà á. Kí abala kan tó lè wọnú èkejì, ó gbọ́dọ̀ tín-ín-rín jù ú lọ. Bí abala àkọ́kọ́ bá fẹ̀ ní mìlímítà 32, èyí tó tẹ̀ lé e lè jẹ́ 28, lẹ́yìn náà 25, lẹ́yìn náà 22. Ẹ fi abala kan kún un, ìsàlẹ̀ tún tín-ín-rín sí i.

Ìyàtọ̀ yìí tóbi ju bí ojú ṣe ń wò ó. Bí ọ̀pá méjì bá gùn bákan náà, tí ara irin wọn nípọn bákan náà, àmọ́ tí ọ̀kan fẹ̀ ní ìdajì èkejì, èyí tó tín-ín-rín á tẹ̀ ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́jọ lábẹ́ ẹrù kan náà. Nítorí náà, abala tó kẹ́yìn, tí kò fi bẹ́ẹ̀ hàn nínú àwòrán ìpolówó, ló ń sọ bí ọ̀pá náà ṣe le tó gan-an. Ẹ wá fífẹ̀ rẹ̀ kí ẹ tó wá nǹkan mìíràn. Fún lẹ́ǹsì ńlá, bí abala ìsàlẹ̀ kò bá tó mìlímítà 20, èmi kò ní í fọkàn tán an, iye kílò yòówù kí wọ́n kọ sára páálí.

Kí ló wá ń mú kí wọ́n ṣe abala púpọ̀? Àpò ni. Ọ̀pá sẹ̀ǹtímítà 160 tó ní abala mẹ́ta, gígùn àtìpọ̀ rẹ̀ á tó bíi 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó ní mẹ́rin á wà ní bíi 50, èyí tó ní márùn-ún ní bíi 40. Ẹni tó ń rìnrìn àjò pẹ̀lú àpò kékeré lè fara mọ́ abala márùn-ún. Ẹni tó ń fi ọkọ̀ gbé ẹrù rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ kò ní ìdí kankan láti yà kúrò lórí mẹ́ta tàbí mẹ́rin.

Èlé gíga tí mo sọ tún ní èrè kan níbí. Ẹni tó ra 160 fún iṣẹ́ tó nílò 147 lè fi sẹ̀ǹtímítà 13 abala tó tín-ín-rín jù sílẹ̀ nínú ọ̀pá. Àwọn kan máa ń ṣe òdì kejì: wọ́n á fa abala ìsàlẹ̀ jáde tán, wọ́n á wá máa fi ìdè òkè, tó sún mọ́ ọwọ́, tún gíga rẹ̀ ṣe. Ó yá lóòótọ́, pàápàá níbi eré ìdárayá tí kò sí àyè láti bẹ̀rẹ̀. Ìdúróṣinṣin díẹ̀ ni wọ́n fi san án. Pẹ̀lú lẹ́ǹsì kékeré, kò tó nǹkan.

Kí ni iye kílò yẹn ń sọ?

Ìlànà àgbáyé kan wà, ISO 1222, tó sọ bí súkúrù tó so kámẹ́rà mọ́ ọ̀pá ṣe gbọ́dọ̀ rí. Ìdí nìyẹn tí kámẹ́rà ilé-iṣẹ́ kan fi ń wọ ọ̀pá ilé-iṣẹ́ mìíràn láìsí ìjà. Ti ìwọ̀n ẹrù kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí ọ̀nà kan ṣoṣo tí gbogbo ilé-iṣẹ́ ń gbà wọ̀n ọ́n. Ẹnì kan lè kọ ìwọ̀n tí ìdè fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Ẹlòmíràn lè kọ ìdajì rẹ̀ kí ọkàn oníbàárà lè balẹ̀. Kílò mẹ́jọ ilé-iṣẹ́ kan lè le ju kílò mẹ́wàá ilé-iṣẹ́ mìíràn lọ. Ẹ má fi nọ́ńbà yìí ṣe ìdíje láàárín ilé-iṣẹ́ méjì. Ẹ lò ó láti mọ èyí tí kò ṣeé rà rárá.

Ẹ kọ́kọ́ wọn ẹrù yín. Canon EOS R5 pẹ̀lú bátìrì àti káàdì wọ̀n 738 gíráàmù, lẹ́ǹsì RF 70-200mm f/2.8 sì wọ̀n 1,070 láìka òrùka tí a fi ń dè é mọ́ ọ̀pá. Àpapọ̀ wọn kò pé kílò méjì. Nikon Z9 wọ̀n 1,340 gíráàmù, lẹ́ǹsì NIKKOR Z 400mm f/2.8 sì wọ̀n 2,950; àpapọ̀ wọn ju kílò mẹ́rin lọ díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ra monopod kì í kọjá ti àkọ́kọ́ yẹn.

Lẹ́ǹsì ńlá pàápàá ti ń fúyẹ́ sí i. Canon 400mm f/2.8 IS tó jáde ní 1999 wọ̀n 5,370 gíráàmù. Èyí tó tẹ̀ lé e ní 2011 wọ̀n 3,850, èyí tó sì jáde ní 2018 wọ̀n 2,840. Ìmọ̀ràn àtijọ́ pé ẹni tó ní lẹ́ǹsì ńlá gbọ́dọ̀ wá ọ̀pá tó nípọn bí apá ènìyàn ti ń pẹ́ lọ. Àmọ́ bí ẹ bá ra lẹ́ǹsì àlòkù, ẹ wo ọdún tó jáde kí ẹ tó ṣe ìṣirò.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọwọ́ yín kún un. Ohun tí àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé nìyí. Lórí tripod, ẹrù kámẹ́rà nìkan ló máa ń wà níbẹ̀. Lórí monopod, ẹ ń tẹ ọwọ́ lé e, ẹ ń fara tì í, ẹ sì ń fi àgbọ̀n tẹ kámẹ́rà. Gbogbo rẹ̀ ló ń lọ sórí ìdè, ó sì lè tó kílò mélòó kan láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ pé kí ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ọ̀pá tó ìlọ́po kan ààbọ̀ sí méjì ẹrù yín. Èmi máa ń dúró lórí méjì. Fún ẹrù Canon ìṣáájú yẹn, kílò mẹ́rin tó. Fún ti Nikon yẹn, ẹ wá kílò mẹ́sàn-án.

Jù bẹ́ẹ̀ lọ, owó lẹ ń ná dànù, ẹ sì tún ń gbé irin tí kò níṣẹ́ kiri. Ẹni tí fóònù rẹ̀ kò ju 200 gíráàmù lọ kò nílò ọ̀pá kílò mẹ́wàá fún ohunkóhun.

Ní ti alumíníọ̀mù àti carbon fibre (okùn kábọ̀n tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀pá dípò irin), ọ̀rọ̀ wọn kò pọ̀. Carbon fibre fúyẹ́, ó sì wọ́n. Nítorí pé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni monopod ní, ohun tí ẹ máa jèrè nínú ìwúwo kò tó ti tripod. Alumíníọ̀mù tó bá le tó ṣeé lò fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ṣé orí pọn dandan?

Fún lẹ́ǹsì kúkúrú tó ń wo iwájú, kò pọn dandan. Ẹ lè de kámẹ́rà mọ́ ọ̀pá tààrà, kí ẹ máa fi dídagun ọ̀pá gbé ojú rẹ̀ sókè tàbí sísàlẹ̀ díẹ̀. Kí ẹ rántí pé ìṣirò gíga yín yí padà nìyẹn: sẹ̀ǹtímítà 8 tí ẹ yọ fún orí ti padà wá, ọ̀pá ni yóò sì fi í ga.

Fún lẹ́ǹsì gígùn, ẹ wá orí tó ń tẹ̀ síwájú àti sẹ́yìn nìkan. Òun ló bá monopod mu jù, torí ọ̀pá náà fúnra rẹ̀ lè yí sọ́tùn-ún àti sósì. Orí tó ní bọ́ọ̀lù nínú, tó ń tẹ̀ síbi gbogbo, wọ́pọ̀ lórí tripod, àmọ́ lórí monopod ó lè jẹ́ kí lẹ́ǹsì ńlá dédé ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó sì gbá ìka yín mọ́ ọ̀pá. Bí lẹ́ǹsì yín bá ní òrùka ìdè lára, òun ni kí ẹ fi dè é, kì í ṣe ìdí kámẹ́rà, kí ẹrù lè dọ́gba lórí ọ̀pá.

Orí náà ní iye kílò tirẹ̀. Bí ọ̀pá bá lè gbé mẹ́wàá, tí orí sì lè gbé mẹ́ta, mẹ́ta lẹ rà.

Àwọn tó ní ẹsẹ̀ kéékèèké mẹ́ta nísàlẹ̀ ńkọ́?

Àwọn tó ń ya fídíò fẹ́ràn wọn, torí ọ̀pá náà lè yí jẹ́jẹ́ lórí ẹsẹ̀ yẹn. Àmọ́ wọn kì í ṣe tripod. Bí kámẹ́rà bá wà lókè ọ̀pá gíga, ẹsẹ̀ kéékèèké yẹn kò lè dá a dúró bí atẹ́gùn bá fẹ́ tàbí bí ẹnì kan bá fara kàn án. Ẹ má fọwọ́ sílẹ̀ lára rẹ̀. Iye kílò tí wọ́n kọ sára rẹ̀ kò sọ ohunkóhun nípa ṣíṣubú.

Báwo lẹ ṣe lè dán an wò kí ẹ tó sanwó?

Ẹ fà á jáde tán, ẹ ti gbogbo ìdè rẹ̀, kí ẹ wá fi péńsù fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ sára abala kọ̀ọ̀kan níbi tó ti wọnú èkejì; bí ẹ kò bá fẹ́ bà á jẹ́, ẹ lẹ téèpù pélébé mọ́ ọn. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì tẹ orí ọ̀pá mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi le ju bí ẹ ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́ níbi iṣẹ́, ẹ sì dúró bẹ́ẹ̀ díẹ̀. Ẹ wo ìlà náà. Bí abala kankan bá ti wọlé, ìdè yẹn kò dára tó. Ẹ tún un tì kó le dáadáa, kí ẹ dán an wò lẹ́ẹ̀kan sí i, torí ìdè tí a ń yí nígbà mìíràn kò tíì yí tó ni. Bí ó bá yọ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ẹ fi í sílẹ̀. Bí ó bá dúró, ẹ di àárín ọ̀pá mú, kí ẹ fi ọwọ́ kejì mi orí rẹ̀ sọ́tùn-ún àti sósì. Díẹ̀ kì í ṣe wàhálà, àmọ́ bí ẹ bá ń gbọ́ kọ́kọ́kọ́ níbi tí abala méjì ti pàdé, ẹ mú òmíràn wò.